Ọjọ́ tí Ẹlúyẹmí pe àáró

Bí ẹ bá ń wá ọkùnrin tó lórí kunkun jù lọ ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, ẹ má wulẹ̀ wá a lọ jìnnà. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹlúyẹmí Ògúnṣẹ̀yẹ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà sì ni ìyá rẹ̀ àti ìyá mi. Àgbẹ̀ oníṣu ni. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti pinnu nǹkan kan tán, ẹ lè kó gbogbo ẹbí jọ kí ẹ máa pariwo lé e lórí títí ọ̀fun yín yóò fi gbẹ, ṣe ni yóò kàn máa rẹ́rìn-ín sí yín. Ẹ̀rín yẹn máa ń bí mi nínú ju ìjà lọ.

Èmi ni Kẹ́mi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kékeré kan ní Ìkọ̀lé, lójú ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà lọ sí yunifásítì. Mo ń tẹ ìwé, mo ń ṣe ẹ̀dà, mo ń bá àwọn ọmọ forúkọ sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo ń bá wọn wo èsì ìdánwò. Nítorí náà, kò sí ọ̀nà tí àwọn òbí ń gbà wá owó yunifásítì tí ojú mi kò tíì rí. Mo ti rí bàbá tó ta ọ̀kadà tó fi ń jẹun. Mo ti rí ọmọ tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì dá owó jọ fún, tí wọ́n sì ní kó wá jẹ́rìí lọ́jọ́ ìsinmi. Mo ti rí ìyá tó gba èésú, tó sì ń fi etí ìborùn nu ojú bó ṣe ń ka owó náà fún mi. Ṣùgbọ́n irú ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n mi gbà, èmi kò rí i rí, n kò sì rò pé n óò tún rí i.

Àáró ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin ọmọ ìgboro. Àwọn àgbẹ̀ bíi méjìlá á kó ara wọn jọ. Lónìí, gbogbo wọn á lọ sí oko Olúfẹ́mi, wọ́n á bá a kọ ebè. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n á kọrí sí oko Ayọ̀wálé. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí títí tí yóò fi kan gbogbo wọn. Kò sí ẹni tí yóò san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ ni wọ́n fi ń san iṣẹ́. Kò sí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, orí ni gbogbo wọn fi ń mọ̀ ọ́n, orí wọn kì í sì í ṣì í.

Ẹ̀gbọ́n mi a máa lọ sí oko gbogbo wọn, àti ẹ̀rùn àti òjò. Ṣùgbọ́n bó bá ti kan òun, tí wọ́n ní, "Ẹlúyẹmí, ó kàn ọ́ o," ẹ̀rín yẹn náà ni. "Ẹ dúró ná. Mo a pè yín."

Ìgbà tí Ìrètí ọmọ rẹ̀ wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní ilé-ìwé gíga àgbà ló ti bẹ̀rẹ̀ eléyìí. Ọdún kan kọjá, kò pè wọ́n. Ọdún kejì dé, kò pè wọ́n. Òun àti Ìyábọ̀ ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń roko wọn, ó sì tún ń lọ bá àwọn ẹlòmíràn ro tiwọn. Olúfẹ́mi, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ nínú gbogbo wọn, ló sọ ọ́ lórúkọ. Mo-a-pè-yín. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé àwọn ọmọdé ń fi kí i lójú títì, yóò sì dáhùn.

Ní ọjọ́ kan, mo lọ bá a nílé, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹrú gbogbo ìlú lẹ sọ ara yín dà yìí?"

Ó ní kí n jókòó. Ó ní, "Kẹ́mi, ṣé o rántí èésú tí mo gbà níjọ́sí? Atẹ́gùn ká òrùlé ulé, òrùlé gbé e jẹ. Èyí tí mo tún kó jọ lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Àìsàn Ìyábọ̀. Owó tó bá ti wà nínú ulé, gbogbo uyọnu ló mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ṣùgbọ́n uṣẹ́ tí mo ti ṣe fún Olúfẹ́mi, ta ló fẹ́ wá yá a lọ́wọ́ mi?"

Ohun tó ní lọ́kàn nìyẹn. Ó fẹ́ kí àáró pọ̀ jọ dáadáa, kó wá pè é tán lẹ́ẹ̀kan náà sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tó wà lẹ́yìn odò, kó fi gbin iṣu tí ẹnì kan kò gbin irú rẹ̀ rí nínú ìdílé wa. Iṣu yẹn ni yóò rán Ìrètí lọ sí yunifásítì. Ó ti ṣe ìṣirò ìgbà tí yóò pè é, ìgbà tí yóò wa iṣu náà, àti ìgbà tí ọmọ yóò wọlé. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Inú tiẹ̀ ń bí mi pé ó wọ̀ mí létí.

Ibi tí ìṣirò rẹ̀ ti wọ́ ni èmi kò mọ̀. Ládùúgbò tiwa, kò sí ọmọ tó ń ṣe ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀mejì ni, àwọn mìíràn ẹ̀ẹ̀mẹta. Òun náà bá fi ọdún kan sílẹ̀ fún èyí tí ọmọ yóò kọ́kọ́ fìdí rẹmi.

Ìrètí kò fìdí rẹmi.

Ọ̀dọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù ló wà lọ́jọ́ náà, ó ń kọ́ ìwé títẹ̀. Mo ní kó jẹ́ ká kàn yẹ orúkọ rẹ̀ wò, bóyá yunifásítì ti gbà á. Kọ̀ǹpútà yí, yí, yí. Àfi bí orúkọ rẹ̀ ṣe jáde, Ògúnṣẹ̀yẹ Ìrètí, wọ́n sì ní àwọn kí i kú oríire, àwọn ti fún un ní àyè láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Mo figbe ta! Àwọn oníbàárà tó wà níta sá wọlé, wọ́n rò pé iná mọ̀nàmọ́ná ló gbé mi. Ìrètí kò lè sọ̀rọ̀, ṣe ló ń fi ọwọ́ méjèèjì lu tábìlì mi gbì-gbì-gbì. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, a gun ọ̀kadà, ó di Ìjẹ̀ṣà-Iṣu.

Inú àká ni a ti bá bàbá rẹ̀, ó ń so iṣu. Ìrètí ń wí, èmi náà ń wí, kò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ń wí. Ó ní ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yé e, ó ní, "Kí ni àn a kọ́ ọ níbẹ̀?"

"Ẹ̀rọ, Bàámi. Ẹ́ńjìnnì, àti bí wọ́n ṣe ń fi irin ṣe nǹkan."

"Urin?" Okùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Uṣẹ́ Ògún!"

Ẹ ó rántí pé ilé ológùn-ún ni ilé Ògúnṣẹ̀yẹ. Ẹ̀gbọ́n mi sáré já síwájú ilé, níbi tí òkúta Ògún bàbá rẹ̀ wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. "Ṣé o gbọ́? Yunifásítì! Obìnrin ni o, Ìrètí ni o!" Ìyábọ̀ ti ń jó pẹ̀lú igbá lọ́wọ́. Inú mi dùn débi pé n kò fẹ́ la ẹnu mi mọ́, nítorí mo mọ ohun tí mo ní láti sọ.

Mo wá sọ ọ́. Owó kan wà tí wọ́n ń kọ́kọ́ san láti fi gba àyè náà, kí ẹni náà tó di akẹ́kọ̀ọ́ rárá. Tí a kò bá san án kó tó di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àyè á lọ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀yáwó ìjọba wà fún owó ilé-ìwé fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ mi sì ni kíkọ ọ́, ṣùgbọ́n ó di ẹ̀yìn ìgbà tí ọmọ bá ti wọlé. Èmi ì bá san owó náà láìwẹ̀yìn, àmọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun ti gbá gbogbo àpò mi mọ́ lóṣù tó kọjá.

Ẹ̀gbọ́n mi wo àká rẹ̀. Èyí tó ṣeé tà nínú iṣu ọdún náà ti bá owó ìdánwò lọ. Èébù tí wọ́n máa gbìn ló kù. Ìyábọ̀ rí ibi tí ojú rẹ̀ lọ, ó sì lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà àká. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ta èébù òun, kó kọ́kọ́ ta òun.

"Ọdún tó ń bọ̀ ni mo fi í sí," ni ẹ̀gbọ́n mi ń sọ lábẹ́lẹ̀. "Ọdún tó ń bọ̀ ni." Ìgbà yẹn gan-an ni mo tó mọ ìṣirò tó ṣe. Inú bí mi! Mo ní, "Ẹ bí ọmọ olórí pípé, ẹ wá ń retí kó kùnà?" Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

Ọ̀nà kan ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Màdáàmù Felicia, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì sí Ìrèlé, ní ilẹ̀ gbalaja kan tó fẹ́ kí wọ́n kọ ebè sí kí òjò tó dá, kí ilẹ̀ tó le. Owó tó fẹ́ san tó san owó ìgbàyè náà, yóò sì ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí iṣẹ́ bá parí pátápátá, nítorí àwọn kan ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ rí, tí wọ́n kọ ebè díẹ̀, tí wọ́n sì di àwátì. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè kọ ilẹ̀ yẹn tán lóṣù kan. Àwọn alááró ńkọ́? Kíá ni.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó lọ sílé Bàbá Ògúndáre tó jẹ́ olórí àáró. Èmi náà tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn péjọ. Ó dúró láàárín wọn, ó ní, "Mo fẹ́ pè yín."

Olúfẹ́mi ti fò dìde. "Mo-a-pè-yín! Ó dé!"

"Oko Màdáàmù Felicia ni, ní Ìrèlé."

Bàbá Ògúndáre mi orí. Ó ní, "Ẹlúyẹmí, ùwọ náà mọ̀ ọ́n. Àáró éè í lọ s'óko olóko. Oko ẹni tó pè é ló ń lọ." Ó rán wọn létí ọkùnrin kan láyé ọjọ́un tó gba iṣẹ́ olówó, tó kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣe é lórúkọ àáró, tó sì da owó sápò ara rẹ̀. Ìjà tó tẹ̀ lé e tú àáró ìlú ká fún ọ̀pọ̀ ọdún. "Bí mo bá gbà fún ọ lónìí, kí ni mo a sọ fún ẹni tó bá tún wá lọ́la?"

Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi á bẹ̀bẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní òótọ́ ni, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ó lọ sílé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé ọkọ́, ó forí lé Ìrèlé lóun nìkan.

Mo lọ wò ó lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Ẹ̀yin ènìyàn, àánú rẹ̀ ṣe mí. Ebè tó ti kọ gún régé, wọ́n sì dára, ṣùgbọ́n igun ilẹ̀ ni wọ́n wà. Iyókù ilẹ̀ náà nà lọ títí dé ìdí àwọn igi. Ó ń kọ ọ́ bí ẹni tí ajá ń lé. Ìrètí ń gbé omi fún un, ojú ọmọ náà ti pọ́n. Mo fa Ìrètí lọ́wọ́, mo ní kó jẹ́ ká lọ, mo fẹ́ lọ bá arúgbó yẹn jà.

Mo jà lóòótọ́. Bí mo ṣe dé iwájú ilé Bàbá Ògúndáre ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní òfin wo ló ń jẹ́ kí ọmọ ẹni pàdánù yunifásítì, mo ní gbogbo oko tí ẹ̀gbọ́n mi ti bá wọn ro ńkọ́, mo ní ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bàbá ń wò mí, ó ń jẹ obì rẹ̀. Ibẹ̀ ni Ìrètí ti fà mí láṣọ sẹ́yìn, tó sì kúnlẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "mi éè wá torí àáró o. Ọ̀wẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín."

Bàbá Ògúndáre dẹ́kun obì jíjẹ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí. Ọ̀wẹ̀ kì í ṣe àáró. Ẹni tó bá bẹ ènìyàn lọ́wẹ̀, wọ́n á wá bá a ṣiṣẹ́, yóò sì bọ́ wọn yó. Kò sí pé ó di dandan kó san án padà, kò sì sí pé ó kàn ọ́, ó kàn mí. Bí wọ́n ṣe ń kọ́lé fún àna nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń bá aláìsàn kórè nìyẹn. Gbogbo ariwo tí mo pa, kò sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n mi náà kò ronú kàn án, tàbí kó jẹ́ pé ìgbéraga ni kò jẹ́ kó ronú kàn án.

"Ta ló ń bẹ ọ̀wẹ̀?" ni Bàbá béèrè.

"Èmi ni, Bàbá."

"Bàbá rẹ mọ̀?"

"Kò mọ̀."

Arúgbó náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni tó bẹ̀ wá lọ́wẹ̀ là ń wò, a éè wo ẹni tó ni ulẹ̀. Ṣé a a rí uyán jẹ?"

"Ẹ a rí uyán jẹ yó!"

"Ó yá, dìde. Kiri ulé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o fi ẹnu ara rẹ bẹ̀ wọ́n. Éè í ṣe èmi ni mo a bá ọ bẹ̀ wọ́n." Ó wá yíjú sí mi. "Ùwọ, ohùn rẹ dára. Kí o lọ máa fi kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìrì ṣì wà lórí koríko nígbà tí wọ́n yọ. Mo ti wà níbẹ̀, èmi àti Ìyábọ̀ ti dáná sábẹ́ igi, a sì ti purọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi pé oúnjẹ Màdáàmù ni à ń sè. Bàbá Ògúndáre ló ṣáájú, ọkọ́ léjìká. Gbogbo àwọn alááró tẹ̀ lé e. Àwọn tí kì í tilẹ̀ ṣe alááró wà nínú wọn, nítorí Ìrètí ti kan ilẹ̀kùn kọjá ibi tí wọ́n ní kó kàn dé.

Ẹ̀gbọ́n mi nà ró. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti wá gbà kí n pe àáró ni?"

"Àáró kẹ̀? Ta ló pe àáró?" Bàbá ti ń yan ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. "Ọ̀wẹ̀ ọmọ rẹ la wá ṣe. Àáró rẹ wà níbi tó wà. Ẹnì kan éè fọwọ́ kàn án."

Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí àwọn igi. Mo mọ̀ pé ó ń sunkún. Èmi náà ń sunkún, mo sì ń sọ pé èéfín ni. Nígbà tó yíjú padà, Ìrètí wà níwájú rẹ̀, ó na ọkọ́ sí i.

Ẹ ò rí iṣẹ́! Ọkọ́ ń dún, Olúfẹ́mi ń bú gbogbo ayé, wọ́n pín ara wọn sọ́nà méjì, wọ́n ń lé ara wọn lọ sí ìdí igi. Màdáàmù Felicia dé pẹ̀lú agbòjò àti ẹja gbígbẹ, ó ní òun kò rí irú èyí rí láti ìgbà tóun ti wà lọ́mọdébìnrin, ó sì ká apá aṣọ sókè láti bá wa gún iyán. Wọ́n jẹun, wọ́n tún padà sí i. Nígbà tí oòrùn Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì iṣẹ́ náà, ń wọ̀, ebè ti dé ìdí igi.

Màdáàmù fẹ́ fi owó ránṣẹ́ níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Fóònù kò ríran, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Gbogbo wa bá tẹ̀ lé e lórí ìrìn láti ebè dé ojú títì, ó gbé fóònù sókè lábẹ́ agbòjò, àwọn àgbàlagbà ọkùnrin ń kígbe, "Ó ti dé? Ó ti dé?" Ó dé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èmi àti Ìrètí wà ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹlẹ́kọ tó kiri dé. Iná lọ. Mo tan jẹnẹrétọ̀. Kọ̀ǹpútà yí, yí, yí, n kò mí, Ìrètí náà kò mí. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi tuntun ṣe tẹ rìsíìtì náà jáde báyìí, mo dárí jì í fún gbogbo owó mi tó jẹ. Ìrètí ti di akẹ́kọ̀ọ́. Lórí ìjókòó yẹn kan náà la ti ṣe ti ẹ̀yáwó ìjọba.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tún péjọ níwájú ilé Bàbá Ògúndáre, ẹ̀gbọ́n mi dìde dúró. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní, "Mo pè yín o. Oko bàbá mi, lẹ́yìn odò. Ọ̀la."

Ẹ ì bá gbọ́ ariwo! Wọ́n gbé e sókè. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń lọ, wọ́n san án fún un lọ́jọ́ kan dé òmíràn, gbogbo oko tó ti bá wọn ro pátá, títí gbogbo èébù Ìyábọ̀ fi wọlẹ̀. Mo dúró létí odò, mo wo ebè tó lọ salalu, mo sì rí i pé ọdún márùn-ún yunifásítì ṣeé rìn. Ìrètí wà láàárín wọn, ó fẹ́ kọ ebè tirẹ̀ tán kó tó wọlé sí ilé-ìwé.

Nígbà tí ebè tó kẹ́yìn parí, Bàbá Ògúndáre nu ọkọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹlúyẹmí, ó tán."

"Ó tán, Bàbá. Ẹ ṣé o."

"Ó yá, ta ló kàn?" Ó wò wọ́n kiri, ojú rẹ̀ sì dúró sára Olúfẹ́mi, ẹni tí ọmọbìnrin rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní ilé-ìwé gíga àgbà lóṣù náà. "Olúfẹ́mi, ó kàn ọ́ o."

Olúfẹ́mi họ orí. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó wo Ìrètí, ó wo oko náà lọ títí. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín.

"Ẹ dúró ná," ó ní. "Mo a pè yín."